Àtíkè àti Àkísà Kákí Bàbá Àgbà Mi

Agolo àtíkè mẹ́rin la bá nínú àpótí irinṣẹ́ bàbá àgbà mi lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tán. Mẹ́ta ti ṣófo, ọ̀kan ku ìdajì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti Ìlọrin wá gbé ọ̀kan sókè, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó wá wo ìyá àgbà mi lójú. Ó ní, "Ìyàwó wa, ta ló ń kun àtíkè nílé yìí?"

Ìyá àgbà mi, tó ti ń sunkún láti àárọ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì ni, ọkọ mi. Ẹ́ńjìnnì ló ń kun ún. Èmi tó fẹ́ sílé, kò fún mi kùn rí."

Òótọ́ ni. Jẹnẹrétọ̀ ni bàbá àgbà mi ń tún ṣe ní Ìlá, kì í sì í ṣe àwọn kékeré tí èèyàn ń fi ọwọ́ kan gbé. Ti àwọn sójà ni, àwọn àgbà ẹ́ńjìnnì oní-dísẹ̀lì aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń tà ní gbàǹjo ní bárékè tí wọ́n bá ti gbó. Ilé ìwòsàn ń rà wọ́n, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ń rà wọ́n, àwọn tó ní ilé ìgbẹ̀bí náà ń rà wọ́n. Wọn kì í tètè kú, àmọ́ wọ́n ń jò. Ẹ̀yìn wọn ń jò, iwájú wọn ń jò, abẹ́ wọn a máa rí bí ibi tí wọ́n ti ń fọ epo pupa. Bàbá àgbà mi ti bá irú wọn ṣiṣẹ́ nínú iṣẹ́ ológun títí ó fi fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí gbogbo ìlú fi ń pè é ní Bàbá Sójà. Iṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ti jáde ni pé ó mọ ibi tí ọ́ìlì ti ń jò.

Bí wọ́n bá pè é sí ẹ́ńjìnnì tó ń jò, kì í fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan. Á kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Ó ní àwo ni wọ́n ń fọ̀, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń wẹ̀. Á fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì wẹ̀ ẹ́, á fi ọṣẹ àti omi tún un wẹ̀, á jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni á wá bu àtíkè, á fẹ́ ẹ sí gbogbo ojú ìsopọ̀ rẹ̀ títí á fi funfun bí ìyá ìkókó. Á tan án, á jókòó sórí àpótí, á sì ní kí gbogbo èèyàn panu mọ́. Ibi tí àtíkè bá ti kọ́kọ́ tutù, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ti ń jáde.

Ó ní ọ́ìlì a máa rìn. Ó lè jáde lókè níwájú, kí atẹ́gùn fáànù gbé e lọ sẹ́yìn, kó wá máa kán nísàlẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ á bú ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ò sì mọwọ́ mẹsẹ̀. Gbólóhùn kan ló ní fún èyí, mo gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń sá fún un: "Ibi tó ń kán sí kọ́ ló ti ń jò."

Kò ga, kò sanra, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́, tí ọṣẹ kankan kò ràn. Bí inú bá bí i sí ẹ́ńjìnnì, Hausa ló fi ń bú u. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbọ́ràn, Ìgbómìnà ló fi ń yìn ín. Adìẹ ìyá àgbà mi tó bá gun orí irinṣẹ́ rẹ̀, sìfílíánì ni, ẹni tí kò ṣe sójà rí. Èmi náà, bí mo bá jí pẹ́, sìfílíánì ni mí. Mi ò rí i kó sáré rí, mi ò sì rí i kó pẹ́ débi kankan.

Ó kórìíra gọ́ọ̀mù. Àwọn mẹkáníìkì òde òní, tí ọ́ìlì bá ti ń yọ, wọn á fa gọ́ọ̀mù sójú ibẹ̀, wọn á dì í pinpin, wọn á sì máa lọ. Òun a máa fi pépà líle gé gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, èyí tó ń wà láàárín irin méjì, á gbé e lé orí irin, á fi òòlù kékeré lù ú ní etí kan dé ìkejì títí ojú rẹ̀ á fi yọ. Nígbà kan, ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìresì pè é. Wọ́n ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ń jò síbẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin alágbára kan ni wọ́n sì ń gbé sípánà fún. Bàbá wẹ̀ ẹ́, ó kun ún, ó wò ó. Ó tú àwọn nọ́ọ̀tì, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ó fi ìka lásán dì wọ́n, kó tó wá fi sípánà yí ọ̀kọ̀ọ̀kan díẹ̀. Jíjò náà dúró. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Bàbá, ẹ ò dì í le." Bàbá ní, "O ti dì í le jù, gásíkẹ́ẹ̀tì náà sì ti sá jáde fún ọ. Ohun tí wọ́n bá há mọ́ra jù, sísá ló ń sá."

Ọ̀rọ̀ inú ilé náà, bó ṣe ń wò ó nìyẹn. Lọ́dún kan tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò kan ní yunifásítì, mo wá sílé, mo sọ fún un pé olùkọ́ mi ló kórìíra mi. Ó ń jẹ iyán lọ́wọ́. Ó gbọ́ mi dópin, ó ní, "Àwẹ̀ró, bá mi wẹ ọ̀rọ̀ yìí ná. Kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀?" Mo ní olùkọ́ náà kì í kí mi. Ó ní, "Kó tó di pé kì í kí ọ ńkọ́?" Mo ní mi kì í wá sí kíláàsì rẹ̀ dáadáa. "Kó tó di pé o ò wá?" Báyìí ló ṣe ń bi mí sẹ́yìn títí a fi kan ọ̀rẹ́kùnrin kan tó ń gbé ojú títì kejì. Ìyá àgbà mi pàtẹ́wọ́. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí ibi tó kọ́kọ́ tutù, ó sì padà sídìí iyán rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n yóò rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣàṣìṣe. Ó ṣe ọ̀kan. Ó tóbi, ẹlòmíràn ló sì jẹ ìyà rẹ̀. Èmi àti òun la rí i, ohun tí mo fẹ́ kọ gan-an sì nìyí. Gbogbo ìyókù, mo kàn ń wẹ ẹ́ńjìnnì ni.

Bàbá ní àṣà kan. Kó tó wẹ ẹ́ńjìnnì, á kọ́kọ́ fi àkísà dí gbogbo ihò rẹ̀ kí omi má baà wọ inú. Aṣọ kákí rẹ̀ àtijọ́, èyí tó fi ṣiṣẹ́ ológun, ló ń gé. Ihò kan wà tó ń bọ̀wọ̀ fún ju ìyókù lọ, ọ̀pá èémí ló ń pè é. Ọ̀pá kékeré kan ni tó jáde láti ikùn ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni ooru àti èéfín inú rẹ̀ ń gbà jáde. Ó ní bí ibẹ̀ bá dí, ikùn ẹ́ńjìnnì á wú, á sì máa ti ọ́ìlì jáde níbi gbogbo, kò sí síìlì tuntun, ìyẹn rọ́bà tó ń dí ojú ìsopọ̀, tó lè dá a dúró.

Ọmọ iṣẹ́ kan wà tó kọ́ yọrí lọ́wọ́ rẹ̀, Ràfíù ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo ń sọ yìí, Bọ̀dá Ràfíù ti gba òmìnira tipẹ́, ó ti níyàwó, ó ti bímọ, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìlá. Ó nífẹ̀ẹ́ gọ́ọ̀mù díẹ̀ ju bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe fẹ́ lọ, wọ́n sì máa ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀, àmọ́ ìjà bàbá àti ọmọ ni.

Lọ́dún tí mo wọ yunifásítì, bí Iléyá ṣe ń sún mọ́, Bàbá wẹ jẹnẹrétọ̀ Mátírọ́ọ̀nù kan tó ní ilé ìgbẹ̀bí lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ẹ́ńjìnnì náà kò jò, wọ́n kàn fẹ́ kó mọ́ ni. Bó ṣe ń wẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọ́n pè é lórí fóònù pé àyẹ̀wò owó ìfẹ̀yìntì àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Kàdúná yóò parí lọ́jọ́ kejì. Ó palẹ̀ mọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó tan án, ó sì lọ. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo gbọ́ pé ó sáré nìyẹn.

Kó tó padà dé, ẹ́ńjìnnì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Mátírọ́ọ̀nù pe Bọ̀dá Ràfíù. Ó fi síìlì tuntun sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń jò síbẹ̀. Ó fa gọ́ọ̀mù yí i ká, ó ń jò síbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ṣú, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún aboyún kan, ọ́ìlì tán nínú ẹ́ńjìnnì, ó dún gbàà, ó sì gan. Iná kú. Iná fóònù àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n fi parí iṣẹ́ náà. Ìyá àti ọmọ yè é, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà gba ìlú kan.

Bàbá dé, ó lọ síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó rí ọ́ìlì lẹ́yìn àti gọ́ọ̀mù rẹpẹtẹ. Kò wẹ̀ ẹ́. Kò kun àtíkè sí i. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, níwájú mọ́ṣáláṣí, lójú gbogbo jàmáà, ó sọ pé, "Ràfíù ló pa ẹ́ńjìnnì yẹn. Gọ́ọ̀mù ló kọ́ lọ́dọ̀ mi, kò kọ́ṣẹ́."

Bọ̀dá Ràfíù wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo fi síìlì tuntun sí i, ó ń jò síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa."

Bàbá wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sílé.

Nígbà tí Bàbá Sójà bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìlá, ta ló tún máa gbé ẹ́ńjìnnì fún Ràfíù? Kó tó pé oṣù méjì, ó ti kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí Òkè-Ìlá. Jẹnẹrétọ̀ náà dúró sábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé ìgbẹ̀bí, ewé bẹ̀rẹ̀ sí í hù lábẹ́ rẹ̀.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Àwọn olùkọ́ yunifásítì yan iṣẹ́ lódì, mo wà nílé, mi ò níṣẹ́ méjì ju kí n máa tẹ̀ lé Bàbá kiri lọ. Ó ti rí irin tí yóò fi rọ́pò èyí tó bàjẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì Mátírọ́ọ̀nù, ó sì fẹ́ jí i dìde. Èmi ni mo ń tan tọ́ọ̀ṣì fún un. Nígbà tó kan ọ̀pá èémí, ó tú u, ó fi ẹnu fẹ́ ẹ, atẹ́gùn kò kọjá. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó mú wáyà kan, ó tẹ orí rẹ̀, ó kì í bọ inú ọ̀pá náà, ó fà. Nǹkan dúdú kan yọ díẹ̀díẹ̀.

Mo rò pé eku ni. Bàbá tì í bọ inú kẹrosíìnì, ó fọwọ́ rà á, ó nà án síta. Kákí ni. Ojú bọ́tìnnì kan wà létí rẹ̀, òwú funfun tí ìyá àgbà mi fi gán an ṣì wà níbẹ̀.

Bàbá jókòó sílẹ̀. Kò wá àpótí, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí.

Ó ní, "Ta ló wà níbí?"

Mo ní, "Èmi àti ẹ̀yin nìkan ni, Bàbá."

Mo wo ẹ̀yìn, mi ò rí nọ́ọ̀sì kankan. Gbogbo ohun tí mo ń rò ni bí wọ́n ṣe ń kí mi ní Ìlá, "ọmọ ọmọ Bàbá Sójà", bí àwọn ọlọ́kadà kì í gba owó lọ́wọ́ mi. Mo wá sọ ọ́, ó ń dùn mí títí dòní: "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nù. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ta ló máa mọ̀?"

Kò wò mí. Ó ní, "Ìwọ ti mọ̀." Ó dìde. "Lọ pe ọ̀kadà wá."

Kò pààrọ̀ aṣọ. Àwa méjèèjì jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà kan, ó di Òkè-Ìlá, àkísà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. A bá Bọ̀dá Ràfíù nídìí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, èèyàn bíi márùn-ún dúró tì í. Bó ṣe rí ọ̀gá rẹ̀ ló nàró. Kó tó lè kí i, Bàbá ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Àwọn èèyàn pariwo pé èèwọ̀ ni. Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ, áḿbọ̀sì ọ̀gá fún ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀rù ba Bọ̀dá Ràfíù, òun náà fara balẹ̀ gbì, àwọn méjèèjì wá dojú bolẹ̀ níwájú ara wọn. Ó ní, "Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ má jẹ́ kí ayé gbé mi ṣépè!"

Bàbá na àkísà náà sí i. Ó ní, "Inú ọ̀pá èémí ni mo ti yọ ọ́. Aṣọ mi ni. Èmi ni mo gbàgbé e síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń sáré lọ sí Kàdúná."

Bọ̀dá Ràfíù gbà á, ó dìde jókòó. Ó ń yí i lọ́wọ́, ó ń yí i. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Bàbá, mo ní kí ẹ wò ó dáadáa."

"O sọ ọ́."

"Mo ní mo ti fi síìlì tuntun sí i."

"O sọ ọ́."

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ mi pé kí n kun àtíkè kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ ò kùn ún fún mi."

"Mi ò kùn ún," ni Bàbá wí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i tó sunkún, ìgbà kan ṣoṣo.

Bọ̀dá Ràfíù kò fò mọ́ ọn, kò sì sọ pé kò burú. Ó ní kí ìyàwó òun gbé omi wá fún wa, a mu ún, a sì lọ. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá ní kó wá sí Ìlá. Níwájú mọ́ṣáláṣí náà, lójú jàmáà kan náà, Bàbá na àkísà sókè, ó sì sọ ohun tó ṣe láì gé e kúrú. Lẹ́yìn náà ló fún Bọ̀dá Ràfíù ní àkísà náà. Ó ní, "Mú un lọ. Lọ́jọ́ tí mo bá tún dá ẹjọ́ láìwẹ ẹ́ńjìnnì, mú un wá fi hàn mí."

Ìlú ò gbé e gẹ̀gẹ̀ nítorí pé ó sọ òótọ́ o. Àwọn kan ní arúgbó ti dé, wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lọ síbòmíràn. Mátírọ́ọ̀nù ní Ràfíù ni yóò parí ẹ́ńjìnnì òun. Bàbá tẹ̀ lé e lọ, ó jókòó lórí àpótí, ó ń na sípánà sí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì náà fi dún. Nígbà tó délé, ó ní kí ìyá àgbà mi rán ọ̀já pupa gígùn mọ́ gbogbo àkísà kákí tó kù, kí ìdí rẹ̀ máa wà níta nígbà gbogbo. Ìyá àgbà mi rán an, ó sì ń ráhùn pé sójà ti sọ òun di télọ̀ ẹ́ńjìnnì. Bọ̀dá Ràfíù kò padà sí Ìlá mọ́. Òkè-Ìlá ti di ilé rẹ̀. Àmọ́ kò sí Iléyá kan tí kò gbé itan ẹran wá fún Bàbá.

Lọ́yẹ́ tó kọjá, Bàbá kírun àárọ̀, ó ní òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Lọ́jọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí àwọn Àlùfáà ṣe fìdáù tán, Bọ̀dá Ràfíù pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Orí rẹ̀ ti ń hu ewú. Ó yọ ọ̀rá kan nínú àpò agbádá rẹ̀, ó tú u, kákí náà ló wà nínú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́ mọ́, ó ká a dáadáa.

Ó ní, "Ó ní kí n mú un wá fi han òun lọ́jọ́ tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò rí ọjọ́ náà." Ó nu ojú rẹ̀. "Àwẹ̀ró, mo ti ń fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ látìgbà yẹn. Bàbá sọ fún mi pé nígbà tí ẹ rí i, ìwọ lo ní kẹ́ ẹ gbé e wá fún mi. Ó ní ojú ń ti òun, ìwọ lo fún òun lọ́kàn."

Bàbá tó dọ̀bálẹ̀ lójú èèyàn nítorí àṣìṣe tirẹ̀, ó ti lọ fi àkísà dí tèmi. Mo lè dákẹ́. Kò tún sí ẹlòmíràn tó mọ̀ lókè eèpẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bọ̀dá mi, kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní ká sọ ọ́ nù."

Ó wò mí. Nínú ilé, àwọn obìnrin ti ń pín oúnjẹ. Ó ká kákí náà padà bó ṣe wà, ó mú ọwọ́ mi, ó fi sí i.

Ó ní, "Ó dáa. Tìẹ ni, nígbà náà."